Yàrá Gbígbóná: Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Náwó Lé E?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò tíì tán nígbà tí a fi gbàdúrà ìparí ní ìpàdé tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ dìde, wọ́n ní kí a yọ owó díẹ̀ nínú èrè ọdún, kí a fi gba yàrá kan ní Festac níbí, kí a ra ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná sí i, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wá ṣe eré ìdárayá inú ooru tí wọ́n ń pè ní hot yoga. Iná ti lọ nígbà náà, Alhaji kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ń fi ìwé ìpàdé fẹ́ra. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ooru wo ni ẹ tún fẹ́ fowó rà?" Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ ní ẹ̀rín kọ́ ni ìdáhùn, pé kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n kọ ọ́ síbí, kí olúkúlùkù lè ti rò ó dáadáa kí a tó tún pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́wọ́ dídilẹ̀ ni. Ẹ wo bí ẹ̀yáwó wa ṣe rí. Akápò kì í ka owó fún ẹnikẹ́ni àfi bí onídùúró méjì bá ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá dá ẹni tó yáwó dùbúlẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, gbèsè kò ní bá a rọ. Àwọn onídùúró ni ẹgbẹ́ yóò kọjú sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa rí. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n obìnrin méjì tí wọn kò jẹ kọ́bọ̀ nínú owó náà ló ń fi èrè ata àti ẹja san án lóṣooṣù. Bí ara ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá yá, àpò ẹlòmíràn náà lè má yá.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe náà kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair, láti òwúrọ̀ ló ti jókòó sórí àga kan náà, bí oníbàárà bá sì fẹ́ ọjà, ọmọ iṣẹ́ ni yóò dìde lọ mú un. Nírọ̀lẹ́ yóò tún jókòó sínú ọkọ̀, yóò bá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry débi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí orúnkún òun wà, kó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mile 2, tàbí kó gun àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Marina ní oṣù September 2023. Mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò tíì tó ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sinmi kó tó dé òkè, ó sì ń díbọ́n pé fóònù òun lòun ń wò.

Ibi tí ó ti wá

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti wá, ó sì ti wà láti ayébáyé. Èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ooru ni kò tíì pẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bikram Choudhury, tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Bishnu Ghosh ní ìlú Calcutta, ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó to ìdúró 26 àti ọ̀nà mímí 2 tẹ̀ léra, kò dín, kò lé. 90 ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ṣe é, nínú yàrá tí ooru rẹ̀ tó 40°C, tí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin.

Ọkùnrin yìí di olówó nídìí rẹ̀. Ó wá fẹ́ kí òfin sọ pé òun nìkan ló ni ètò ìdúró 26 náà, kí ẹnikẹ́ni má lè fi kọ́ni láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ní 2015 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá a lóhùn pé rárá o, ètò eré ìdárayá kì í ṣe ìwé tí ẹnì kan kọ tí yóò máa gbowó lórí rẹ̀. Ní 2016 ẹ̀wẹ̀, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Los Angeles ní kí ó san owó tó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là fún obìnrin agbẹjọ́rò kan tó ti bá a ṣiṣẹ́, nítorí ìwà ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu àti bí ó ṣe lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí méjì ni mo fi sọ èyí. Èkíní, ẹni tó bá sọ fún wa pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ra àṣẹ kí a tó lè ṣe ìdúró wọ̀nyẹn, kí a wò ó dáadáa. Èkejì, olùkọ́ yòówù tí a bá gbà, àwọn obìnrin wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan àwọn.

Ohun tí Ìyá Aláṣọ rí

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ìyá wa tó ń ta aṣọ ní Trade Fair. Ní 2024 ó lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Peckham, ní London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ó lè ra ẹ̀lùbọ́ láìsọ gẹ̀ẹ́sì kan. Mo lọ bá ìyá ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí àwọn bá ṣe sọ ọ́.

"Ọmọ mi ní, 'Màmá, ẹ̀yìn tó ń dùn yín yìí, ẹ jẹ́ ká lọ nà án.' Mo ní ta ni yóò nà án? Ó ní ẹ̀yin fúnra yín ni. Nígbà tí a débẹ̀, bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bíi mọ́ṣáláṣí. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ iye owó mẹ́ta sí. Ẹni tó ní, kó san èyí tó pọ̀. Ẹni tí kò ní, kó san èyí tó kéré. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ìwé owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wò ó títí, mo ní, 'Haa, àwọn wọ̀nyí mọ àjọ dá o.'"

Ó ní olùkọ́ náà, ọmọbìnrin kan tí kò tó ọmọ òun àbígbẹ̀yìn, kọ́kọ́ bi òun bóyá àìsàn kankan ń ṣe òun. Ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọmọbìnrin náà bi wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń lò, ó bi wọ́n bóyá dókítà mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ó sì fi wọ́n sí ìlà ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní bí òòyì bá kọ́ wọn, kí wọ́n dùbúlẹ̀, bí wọn ò bá sì fẹ́ dùbúlẹ̀, kí wọ́n jáde, kò sí ẹni tí yóò bínú. Ẹ fi ibi yìí sọ́kàn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe é ní Festac. Ibi tí wọn kò bá ti bi ẹni tuntun ní irú ìbéèrè yìí, kí ẹni náà gbé bàtà rẹ̀ kó máa lọ.

"Bí mo ṣe wọlé, ooru gbá mi lójú. Ṣé ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ntéénà tí wọ́n tì pa láti àárọ̀, tí ẹ wá ṣí i ní aago méjì ọ̀sán? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Dígí gba ara ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ọ̀rá tí mo fi ìró bò láti ọdún yìí wá ló ń wò mí lójú. Wọ́n ní ká fi ẹsẹ̀ kan dúró bí igi. Mo dúró bí àkùkọ tí òjò pa. Wọ́n ní ká ṣe idì, wọ́n ní ká ṣe ràkúnmí. Nígbà tí wọ́n dé orí ìjàpá, mo rẹ́rìn-ín. Ìjàpá kẹ̀? Kí ni ìjàpá bá dé London? Ehoro náà tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àfi bí ìgbà tí màmá mi ń pàlọ́ fún wa."

Òótọ́ ni ìyá sọ, mo ti wò ó. Ìjàpá àti ehoro wà lára ìdúró 26 náà, bẹ́ẹ̀ ni eṣú àti ejò pẹ̀lú.

"Ìgbà tó yá ni òòyì kọ́ mi, mo dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó wo ojú mi. Nígbà tó kù díẹ̀ ká parí, wọ́n ní kí gbogbo wa dùbúlẹ̀ gbalaja, ká má mira. Mo bi ọmọ mi pé kí ni wọ́n ń pe èyí. Ó ní ìdùbúlẹ̀ òkú. Mo dìde jókòó lójú ẹsẹ̀! Òkú kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ní kí ó lọ sọ fún wọn pé ní tèmi, ìsinmi ni mò ń ṣe."

Ìyá padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí wọ́n tó wálé. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní wọn kò lè ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbà pé ooru náà ló tú eegun àwọn sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá, ṣùgbọ́n ibí yìí ni èmi pẹ̀lú wọn ti yà. Ẹni tó bá ti inú òtútù London wọ yàrá gbígbóná, kò sí bí kò ṣe ní fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé, ṣé ooru ló ṣe iṣẹ́ náà, àbí nínà?

Ọ̀ràn ẹ̀sìn

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀ràn ẹ̀sìn kúrò nílẹ̀, torí ẹni mẹ́rin ló ti pè mí lórí rẹ̀. Wọ́n ní ìsìn àwọn Íńdíà ni. Òótọ́ ni pé ó ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn Híńdù. Ní 2008 ìgbìmọ̀ àwọn aáfà àgbà ní Malaysia sọ pé kí Mùsùlùmí má ṣe èyí tó ní orin ìsìn nínú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní 2017 ìjọba Saudi Arabia forúkọ yógà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ìyá Aláṣọ, tó jẹ́ ìyá ìjọ, ní àwọn ò gbọ́ orin kankan níbi tí wọ́n lọ. Ní tèmi, kí a sọ fún olùkọ́ tí a bá gbà pé nínà àti mímí nìkan ni a fẹ́. Ọmọ Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń kúnlẹ̀, tó ń lóṣòó, kò sí ìdúró tó jọ ọ́ lójú níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gbà á, kó máa rìn kiri ní àdúgbò rẹ̀. Kò sí ìtanràn.

Ooru àbí nínà?

Ó wá ku ooru. Àwọn olùwádìí ní Texas State University kó ènìyàn 52 jọ, ẹni 40 sí 60 ọdún, tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá rárá. Apá kan ṣe ìdúró 26 yìí nínú yàrá tó gbóná dé 40.5°C. Apá kejì ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ nínú yàrá 23°C. Apá kẹta kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ohun tí wọ́n sọ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn tó na ara túbọ̀ ń là dáadáa fún ẹ̀jẹ̀ láti kọjá, àti pé àwọn tí kò rí ooru kò gbẹ́yìn lọ́nàkọnà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ tún ibẹ̀ kà. Nínà ló ṣe é.

Ìwádìí méjì mìíràn wà tí àjọ American Council on Exercise rán àwọn ará University of Wisconsin ní La Crosse lọ ṣe. Nínú ti 2013, wọ́n fi yógà inú yàrá tó wà ní nǹkan bí 33°C wé ti inú yàrá lásán. Ooru inú ara àwọn tó ṣe é kò yàtọ̀, bí ọkàn wọn ṣe ń lù náà kò yàtọ̀. Òógùn ló kàn pọ̀ sí i, ó sì rẹ̀ wọ́n jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni 33°C? Ọ̀sán oṣù February ní Agboju ni! Ìyá tó ń dín àkàrà níbẹ̀ ti ń ṣe hot yoga láti ogún ọdún sẹ́yìn, owó ni wọn ò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ṣe ní 2015 ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni 20 ni wọ́n kó wọ yàrá tó tó 40°C fún 90 ìṣẹ́jú, gbogbo wọn ni ara wọn le, tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú 20 yẹn, ara ẹni 7 gbóná kọjá 39.4°C, ti ẹnì kan kọjá 40. Bí ibà bá mú ara ọmọ yín gbóná dé 40, ilé ìwòsàn ni ẹ ó gbé e dìgbàdìgbà lọ. Àwọn wọ̀nyí fowó wọn rà á ni.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Òógùn ló ń tu ara lára, àmọ́ ìgbà tí ó bá gbẹ lára ló tó ń tù ú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin bíi ti Èkó, òógùn kì í gbẹ, ńṣe ló ń ṣàn lásán, omi ń tán nínú ara, ooru sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé òógùn náà ń fọ ìdọ̀tí inú jáde. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá wọn ara yín lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ rí i pé ẹ fúyẹ́, omi ni, ẹ ó mu ún padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó wọn iṣẹ́ tí ara ń ṣe níbẹ̀, ní Colorado State University, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú kí ènìyàn máa yára rìn fún iye ìṣẹ́jú kan náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ wa tàbí níbòmíràn: aboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lọ́wọ́, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú ni tọ̀ léraléra, torí oògùn ń lé omi jáde, ooru náà ń lé e jáde. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn níbẹ̀, tí èébì ń gbé e, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọra wọn mọ́, kò sí ọ̀rọ̀ ìfaradà. Ẹ gbé e bọ́ sí ibi tútù, ẹ fi aṣọ tútù bò ó lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí mo rò

Ohun tí màá sọ ní ìpàdé ni màá kọ síbí. Kí a gba nínà, kí a fi ooru sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ooru ló ń fa èrò, pé yàrá náà lè mówó wọlé fún ẹgbẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ní Lẹ́kí. Níhìn-ín, dísù ni yóò jẹ èrè náà, nítorí a ò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná fún ẹ̀rọ tó ń sun iná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ kí a fi owó náà rà ni èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, méjì, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí èkejì máa bá wa lọ síbi eré ìdárayá. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí ó sì ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, kó lọ rí dókítà kó tó ronú ìdúró ìjàpá. Owó mẹ́ta ti Peckham yẹn ni kí a mú wálé pẹ̀lú, kí alágbàtà ọkọ̀ má san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ta ata rodo lórí àtẹ.

Àyè kì í ṣe ìṣòro. Ẹ má gbàgbé ìdí tí wọ́n fi kọ́ ìlú yìí. Nígbà àjọ̀dún FESTAC, láti January 15 sí February 12, 1977, àwọn oníjó àti eléré láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ni wọ́n kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí fún. Àwọn tó ń fi ara ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó gé ọ̀nà fífẹ̀ láti First Avenue dé Seventh Avenue. Ṣọ́ọ̀bù àti ilé ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé ẹ ó ṣì rí àwọn tó ń sáré lójú pópó kí oòrùn tó yọ. Gbọ̀ngàn ilé ìwé tó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì ti tó wa.

Ohun tó kù tí kò tíì yanjú ni àsìkò. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé ni mo kọ́kọ́ dábàá, torí ilẹ̀ ṣì tutù nígbà náà. Àwọn alákàrà àti oníbúrẹ́dì pariwo lé mi lórí, wọ́n ní ìgbà yẹn gan-an ni ọjà àwọn. Wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sunday. Ẹni tó bá ní àsìkò tó dára ju méjèèjì lọ, kó sọ fún akọ̀wé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí yóò bá wá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹní kan, aṣọ ìnura, omi lítà kan ààbọ̀, ṣòkòtò tí kò fún, àti páálí oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ má jẹun kún ikùn ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀.